Ìlù Nínú Ilé Kòkó

Orin hẹ́fì mẹ́tàlì, orin gìtá aláriwo àwọn òyìnbó, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá l'Ọ̀wọ̀ pé ká kọ ọ́, àmọ́ ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́. Gìtá á máa ké bí ayùn tí ń la pákó, dírọ́ọ̀mù á máa sáré tẹ̀lé e, irú èyí tí bàbá mi máa ń gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Tíṣà ni mí, èmi sì ni onílù. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, ló ń ta gìtá, òun ló ń kọrin, òun náà ló ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ gba ohùn sílẹ̀. A fẹ́ kí àwo orin wa dún bíi ti ayé ọjọ́un, kí ìlù máa hó bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá la wà. Ṣùgbọ́n yàrá tí a ń lò há, ìlù mi sì ń dún bí ẹni ń lu páálí. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ.

Gìtá ti wọlé, ohùn ti wọlé, ìlù mi nìkan ló kù. Ọ̀rẹ́ mi sì ti gba físà, ọjọ́ Sátidé ló ń lọ sí Kánádà. Tí ọ̀sẹ̀ yẹn bá fi lè kọjá, a ò ní parí àwo náà mọ́ láé.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Igógo, ọdún ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, bọ́ sí. Èmi ọmọ Ìdógùn lè gbàgbé, kí ni ti ọmọ onílùú? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ni ìyá onílé yọjú sí wa. Kò pariwo.

Ó ní, "Ọmọ mi, a éè lulù l'Ọ̀ghọ̀ lásìkò Igógo. Agogo nìkan."

Ó ṣí fìlà lórí ọ̀rẹ́ mi, ó fi lé e lọ́wọ́, nítorí fìlà pàápàá èèwọ̀ ni lásìkò náà. Ọ̀rẹ́ mi ń wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ìlú ló ni ọdún wọn, àwa la ò wo ọjọ́. Mo kàn bú ọ̀rẹ́ mi dáadáa kí ara tó tù mí.

Mo wá rántí pé ìyá mi ń ra kòkó n'Ídógùn, níbi tí èèwọ̀ yẹn kò dé, àti pé ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ṣófo. Mo pè é lórí fóònù.

"Ṣé ariwo yẹn lo fẹ́ gbé wá bá mi? Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí kòkó bá ti dé, ẹ jáde fún mi."

Ilé náà ga, sìmẹ́ńtì ni ògiri rẹ̀, páànù ló bò ó. Mo lu ìlù kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ gòkè lọ, ó kọlu òrùlé, ó sì padà wá bá wa ní ìlọ́po. Ohùn tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà sì tẹjú mọ́ iṣẹ́.

Ó ku orin kan, èyí tó yára jù, tí ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ìlù ńlá ti kọ̀ jálẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kòkó ìyá mi dé. Tí àpò kòkó bá fi lè wọlé, gbogbo ohùn yẹn ni wọn yóò gbé mì. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Èmi ò dìde.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló kù?"

"Orin kan, Màmá."

Ó yíjú sí àwọn alágbàrù. "Ẹ sọ àpò kalẹ̀ síta. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

Mo lù ú. Mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ti rí agbára, àmọ́ mo lù ú dópin. Ọ̀rẹ́ mi mi orí sí mi pé a ti rí i mú. Inú mi dùn. Mo ń dìde lọ bá wọn gbé àpò ni ìyá mi sọ̀rọ̀.

"Tún un lù."

"Ó ti parí, Màmá."

"Mo gbọ́. Mo ní kí o tún un lù."

Èyí tí mo lù lẹ́ẹ̀kejì yẹn ló wà nínú àwo.