Katapílà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ẹ jẹ́ kó yé yín: n kì í ṣe ọmọ ẹnu géètì. Kí n tó dé Sharjah, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa katapílà nílé. Ṣùgbọ́n security ni wọ́n kọ sí visa mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo wọ yúnífọ́ọ̀mù, mo ń ṣí géètì yáàdì tí wọ́n ti ń háyà katapílà fáwọn tó ń ṣe ọ̀nà.

Ẹni tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì òkè mi nínú yàrá òṣìṣẹ́ wa ní Al Qasimia, ará Afghanistan ni, ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ wa. Mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ń pè mí ní bhai, ìyẹn arákùnrin, ní Hindi tá a jọ ń sọ. Ìgbà tí ilẹ̀ mì tìtì nílùú wọn, òkè ya, ó dí ọ̀nà pa. Ìyá rẹ̀ wà lábúlé lẹ́yìn òkè yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ọkọ̀ kankan ò lè débẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọ̀gá wa ní òun á fi katapílà mẹ́rin ránṣẹ́ láti la àwọn ọ̀nà náà. Mẹ́ta ṣiṣẹ́. Ìkẹrin, tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n wa lọ sọ́nà abúlé wọn, kọ̀ láti sítáàtì. Fóòmaànù ní ẹ̀ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, khalas, ó ti parí, kí tírélà tó fẹ́ gbé e máa lọ láìsí i.

Irọ́ gbuu. Mo gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ kó tó dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù epo. Mo sọ fún un, ó ní kí n padà sí géètì mi, pé security tó bá fọwọ́ kan ọkọ̀, ilé ló ń lọ. Inú bí mi dé góńgó. Ṣé géètì tí mo ń ṣọ́ ló pa iṣẹ́ ọwọ́ mi rẹ́ ni?

"N ò lọ," mo wí. "Ẹ máa kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ yín, kémi máa ṣiṣẹ́ mi."

Mo tú nọ́ọ̀tì páìpù, ẹ̀gbọ́n ń fọwọ́ pọ́ǹpù epo, ìfófó ń jáde nínú oòrùn ọ̀sán títí epo fi ń ṣàn geere. Fóòmaànù ń fi fóònù yà mí ní fọ́tò bí ẹni tó mú olè. Kó máa yà. Ẹ̀gbọ́n sítáàtì lẹ́ẹ̀kíní, kò dún. Lẹ́ẹ̀kejì, èéfín dúdú bò wá, ẹ̀ńjìnnì bú ramúramù. Ẹ̀gbọ́n bá a lọ.

Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gbé mi lọ ṣọ́ ilé gogoro kan ní Al Taawun. Wọ́n ní lẹ́tà kejì, ilé tààrà. N ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó lé lọ́sẹ̀ méjì kí ẹ̀gbọ́n tó pè. Ó ní ọ̀nà ti là, òun ti gbé ìyá òun dé ọsibítù, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ náà. Mo fẹ́ sọ pé ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn ní Hindi? Òun ló tún sọ̀rọ̀.

"Bhai, àtàárọ̀ ni ìyá mi ti ń bú mi, pé kí ló dé tí mo pẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú lífíìtì, mo bú sẹ́kún, àwọn onílé ń wò mí. Kí wọ́n kọ lẹ́tà kejì ọ̀hún wá.