Ẹ̀fẹ̀ Inú Ìwé Kejì

Tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí ló sọ ọ́ di Abẹ́rẹ́, iṣẹ́ aránṣọ tó ń ṣe sì wá fi òǹtẹ̀ lu orúkọ náà. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù olójú fèrèsé kan. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá kì í tètè lọ, torí ẹnu Abẹ́rẹ́ dùn. Bó ti ń ṣẹ́tí ṣòkòtò ni yóò máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ máa ń tán sí. Àárẹ̀ nìkan ló máa ń gbé wọlé fún ìyàwó àti ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, Tíṣà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Lọ́jọ́ kan tó wá wọn aṣọ, Abẹ́rẹ́ sọ ìtàn iwin olórí mẹ́ta kan fún un, èyí tó gbé aṣọ lọ fún aránṣọ kó bá a rán ẹ̀wù. Orí kìíní ní kọ́là lòun fẹ́. Orí kejì ní ọrùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fún òun. Ẹ̀kẹta bú sẹ́kún pé wọn kì í bi òun léèrè nǹkan kan. Ikùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ní. Bí ọ̀kan bá jẹun tán, òmíràn ni yóò gùnfẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ìwọ̀n tí wọ́n ń mú fi dàrú.

Nígbà tó di ọdún kejì, ìtàn náà ti di ìwé ọmọdé, orúkọ Tíṣà nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò bínú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló jókòó kọ ọ́, ẹnu lásán lòun fi sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń já ìwé náà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ojú ewé tí iwin ti dé ọ̀dọ̀ aránṣọ ló sì máa ń kọ́kọ́ ya.

Ni àwọn atẹ̀wé bá ní kí Tíṣà tètè mú ìwé kejì wá. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Á gbé fóònù rẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì kó lè gba ohùn sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Abẹ́rẹ́ rán iwin lọ sílé ìwé. Orí kan ń ṣe ìdánwò, èkejì ń jí i wò, ẹ̀kẹta lọ fẹjọ́ àwọn méjèèjì sùn. Ìdí kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi jẹ ẹgba.

Lọ́jọ́ tí ìtàn parí, Abẹ́rẹ́ dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ mi wà nínú eléyìí."

"Ṣé ìyẹn náà tó ohun tí wọ́n ń bẹ èèyàn sí?" ni Tíṣà wí. "Fọkàn balẹ̀."

Ó fọkàn balẹ̀. Ó tilẹ̀ rán ẹ̀wù kan tí Tíṣà wọ̀ ya fọ́tò ẹ̀yìn ìwé, ọwọ́ ló fi gán gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé jáde, ìlà iwájú lòun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Bí wọ́n ti fún un ní tirẹ̀, ojú ewé ìdúpẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, lọ́wọ́ ayàwòrán, àní lọ́wọ́ dókítà tó tọ́jú eyín rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé: "Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ mi, tó rán ẹ̀wù tí mo wọ̀ nínú fọ́tò."

Abẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà ń ka ibi ìdánwò sókè lọ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó wojú ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Abẹ́rẹ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè orúkọ òun. Ìyẹn ní àwọn atẹ̀wé sọ pé orúkọ méjì yóò da àwọn ọmọ láàmú.

"Àbí ìwọ kọ́ lo rán ẹ̀wù náà ni?" ló bi í. Kò sí àrankàn kankan lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Abẹ́rẹ́ wọnú eegun: obìnrin náà kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gba ìwé, ó nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ̀yin ò mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe bíi ti Màmá Tíṣà?"

Abẹ́rẹ́ sọ fún un pé òun lòun ni ẹ̀fẹ̀ náà, látòkè délẹ̀. Ọmọ náà wò ó bí ọmọ ti í wo àgbàlagbà tó ń purọ́ tí kò ṣeé bá wí.

"Ó dáa, sà," ló wí, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Àwọn oníbàárà ń gba aṣọ wọn, wọ́n ń lọ. Nígbà tí Tíṣà tún gbé fóònù dé nítorí ìwé kẹta, Abẹ́rẹ́ ní kò sí nǹkan nínú òun mọ́. Irọ́ ni. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, iwin ti dáràn lẹ́ẹ̀mejì nínú orí rẹ̀.

Síbẹ̀ ìwé kẹta jáde, Tíṣà ló dá a kọ. Ó lọ rà á fúnra rẹ̀, ìdúró ló wà tó fi ń kà á. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti parí ìjà. Ohùn kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ níyànjú kí wọ́n máa fọwọ́. Abẹ́rẹ́ ti rò pé inú òun yóò dùn. Ńṣe ló rí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ aláìsàn kan fún, tó jẹ́ pé ilé àwọn méjèèjì kò ju ojúlé mẹ́ta síra lọ, tí òun kò sì yà kí i rí. Ó ka ojú ewé mọ́kànlá, ó pa á dé, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.