Obìnrin Tí Kóòtù Ní Kó Gba Ọmọ Ara Rẹ̀ Tọ́

Ọ̀rọ̀ ìlú yìí ti sú mi pátápátá. Ilé ẹjọ́ gíga kan ní Róòmù wá sọ nísinsìnyí pé obìnrin méjì tó jọ fẹnu kò, tí wọ́n lọ gba oyún lókè òkun, lè fi orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ wọn. Ó dáa, mo gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi ojú Bíọ́dún gbolẹ̀ ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà nígbà yẹn?

Àbúrò mi obìnrin ni Bíọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà kọ́ ló bí wa. Ọmọ Ìkirè ni, èmi Sìkírátù, ọmọ Ìwó ni mí. Ìwé ló wá kà ní ìlú Turin níbí, ó sì máa ń wá ra gàrí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Porta Palazzo. Ó ti kàwé tán báyìí, ó ń ya àwòrán búréèkì ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Collegno. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún ọmọ yẹn ti pọ̀ jù. Tó bá rí mi níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ tram, á kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn òyìnbó. Bí àgbà bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Òun àti Marzia, olùkọ́ kan, ni wọ́n jọ ń gbé bíi tọkọtaya. Àwọn kan nínú àwọn ará wa kì í kí i mọ́ nítorí ẹ̀. Ìyẹn kàn wọ́n. Wọ́n lọ sí Spéìnì, wọ́n gba àtọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, kí ọmọ lè fi ara jọ Bíọ́dún. Marzia ló gbé oyún náà. Bíọ́dún ló sọ ọmọ ní Tíolúwaní. Nígbà tí wọ́n dé comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, akọ̀wé ní ìyá kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà òun mọ̀. Kọ̀ǹpútà o! Ó kọ orúkọ Marzia, ó fi ti Bíọ́dún sílẹ̀.

Ọmọ di ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ṣubú lórí jangirọ́fà, àgbọ̀n rẹ̀ là. Marzia wà ní ìlú Padova fún ìpàdé àwọn olùkọ́. Bíọ́dún gbé ọmọ dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ta ni òun jẹ́ sí i. Ó ní òun ni ìyá rẹ̀. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní rárá, kí ìyá rẹ̀ wá buwọ́ lùwé kí àwọn tó rán an. Ọmọ ń sunkún ní itan rẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi gbé Marzia dé.

Agbẹjọ́rò ní ọ̀nà tó kù ni kí Bíọ́dún gba ọmọ náà tọ́ ní kóòtù. Kó gba ọmọ tó ń wẹ̀ fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i tọ́! Ẹ gbà mí o. Wọ́n ní kóòtù á rán òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá wo ilé, assistente sociale ni wọ́n ń pè é.

Nílé wa, bí àlejò ńlá bá ń bọ̀ wá wò ẹ́, ṣé o máa dá nìkan jókòó bí ẹni tí kò ní ẹbí ni? Mo kó àwa obìnrin bíi mẹ́fà jọ sílé Bíọ́dún, èmi àti Ìyá Victory, ará wa kan, ló ṣáájú. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ti béèrè ọ̀rọ̀, a ó dáhùn. Ta ló ń fún ọmọ lóúnjẹ? Ìyá Victory ní òun ni. Ta ló ń mú un sùn? Mo ní ó máa ń sùn lọ́dọ̀ mi. Bíọ́dún ń gbé omi, ó ń gbé mọ́ínmọ́ín, ó ń kúnlẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní Bíọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, pé ipò tó dì mú nínú ayé ọmọ náà kò hàn sí àwọn. Nítorí pé ó ní ìwà! Bíọ́dún sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní wọ́n á tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ìyẹn ò bá dáa, kóòtù lè má gbà.

Agbẹjọ́rò ní kí ẹnikẹ́ni má wá lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé èmi náà wá wà lára ẹnikẹ́ni ni? Mo lọ.

Òṣìṣẹ́ náà bi Bíọ́dún pé kí ló máa ń ṣe bí ọmọ ò bá rí oorun sùn. Bíọ́dún yanu, mo ti dáhùn. Ẹnu mi, ẹ bá mi bá a wí. Tíolúwaní wá sọ́dọ̀ mi, ó ní "Ho fame," pé ebi ń pa òun. Mo yọ kúlíkúlí nínú báàgì mi. Wọ́n ti sọ fún mi pé ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà, ṣùgbọ́n mo rò pé àṣejù òyìnbó ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kì í jẹ ẹ̀pà?

Bíọ́dún fò dìde, ó gbá ọwọ́ mi, kúlíkúlí fọ́n ká ilẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná! Ìgbà mélòó ni mo ti sọ fún yín? Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

Ó ya ẹnu ọmọ, ó ń wo inú rẹ̀, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀. Èmi, Sìkírátù! Ọwọ́ mi ti gbéra láti fọ́ ọ létí.

Òṣìṣẹ́ náà ò gbọ́ Yorùbá. Ó yíjú sí mi, ó ní kí ni Bíọ́dún sọ.

Ìgbà yẹn ni Bíọ́dún tó mọ ohun tó ṣe. Orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dìde!" mo pariwo mọ́ ọn. "Ta ló ní kó o kúnlẹ̀? Di ọmọ rẹ mú!"

Mo wá kọjú sí òṣìṣẹ́ náà, mo fi èdè wọn sọ fún un pé: "Ó bú mi. Ó gbá mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò gbójú sókè wò mí rí, ọmọ yìí ló tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ mi sí i."

Ó kọ ọ́. Kóòtù gbà, wọ́n ní ìyá ọmọ ni Bíọ́dún náà. Títí dòní ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun. Mo máa ń lé e jáde.