Wáyà Tí A Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Rì Mọ́lẹ̀ Lọ́jà

Ọdún díẹ̀ ló kù kí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná dé Ìwó. Tíṣà ni mí nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yìn mí pé a ja ìjà náà, a sì borí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbèrò ni láti gbẹ́ yàrà, kí wọ́n rì wáyà mọ́lẹ̀ láti ẹnu títì, kọjá láàárín ọjà, wọ inú àwọn agboolé. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ògiri ni a ń sin òkú wa sí, láìsí àmì kankan. Àwọn àgbà nìkan ló mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Bàbá arúgbó kan gbé ẹní rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sójú ìlà náà, ó jókòó. Ó wo ọ̀gá àwọn oníná, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó ní, “Àyà ìyá mi lo fẹ́ ki ṣọ́bìrì bọ̀ yẹn.”

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ̀wé sí káńsù, mo kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, a sì ń gbapò ara wa lórí ìlà ẹfun náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá náà mú àbá mìíràn wá: kí wáyà gba orí òpó ní àwọn agboolé, kí ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ́jà nìkan, nítorí páànù àwọn ìsọ̀ fún mọ́ra jù, wáyà sì lè já lé wọn. Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó mi, gbọ́ sí i. Òun àti Sìdíkátù, àbúrò rẹ̀, ló jọ ń ta aṣọ nínú ìsọ̀ kan lọ́jà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ fún ọ̀gá náà lésì, kí n tó jáde, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n gbà.

“Bàbá Rábíù, òkú lẹ̀ ń gbèjà, ó dáa. Àwa tá a ṣì ń mí ńkọ́?”

Mo ní ọ̀rọ̀ òṣèlú kò yé e. Lóòótọ́, àtẹ́wọ́ ti ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo èrò tó pé jọ, ọ̀gá náà bi mí pé, “Tíṣà, sàréè mélòó ló wà lọ́jà?”

Mo mọ̀ pé kò sí ọ̀kan. Mo ní, “Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Ẹ ò ní fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ Ìwó níbì kankan.”

Àwọn ènìyàn hó, wọ́n gbé mi léjìká. Nígbà tí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, ọ̀gá náà na ìwé kan sí mi pé orí òpó ni gbogbo wáyà yóò gbà, títí kan tọjà. Ó rọra ní, “Ẹ ti borí. Ẹ fọwọ́ sí i.”

Mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ìjì já wáyà sórí páànù ìsọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn páànù ni Sìdíkátù fẹ́ tì kí òjò má baà ba aṣọ jẹ́. Iná gbé e, kò lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Mọ̀ríámọ̀ wà lódìkejì, ó ń wò ó. Ńṣe ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ di òun náà mú kó má lọ fọwọ́ kàn án.

Mọ̀ríámọ̀ kò bú mi. Ó bí ọmọ mẹ́ta sí i fún mi, ó ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, àmọ́ kò dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú náà létí mi mọ́. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Mo ń dúró de ọjọ́ tí yóò bínú, kí n lè rí ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Kò bínú.

A borí lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó hú òkú wa nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ àwọn òkú náà fúnra wọn wó ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ láti jókòó.

Oṣù tó kọjá ni a sin Mọ̀ríámọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí i lára, Ààfáà kọjú sí wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó ní ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ nínú wa, kí olúwarẹ̀ foríjì í. Gbogbo wa dáhùn pé a foríjì í. Ohùn mi wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ta ló ṣẹ̀ ẹ́.