Bàtà ìgbéyàwó mi tí àbúrò ọkọ mi wọ̀ lọ sùkúù

Gìgísẹ̀ bàtà ìgbéyàwó mi kán lónìí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló yọ́ ọ wọ̀ lọ sùkúù. Èmi ìyàwó, mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, áḿbèlètè kí n nà án. Adúmáadán ni mò ń pè é.

Ó wọlé, ó ní: "Ìyàwó, bàtà rẹ yìí ò lágbára o."

Mo ní: "Adúmáadán, ẹ káàbọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹsẹ̀ lásán ni màá fi bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá bi mí, ẹ̀yin lẹ ó dá wọn lóhùn."

"Kai! Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Kò jẹun. Ó gbé bàtà, ó di ọ̀dọ̀ aránbàtà ní àdúgbò Kwangila. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti kan gìgísẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ga ju ìkejì lọ.

Ó ní: "Àǹtí, ẹ wọ̀ ọ́ rìn wò."

Àǹtí! Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo rìn, mò ń tiro. Mi ò rẹ́rìn-ín, mi ò sunkún.

Ẹ̀yin ìyàwó ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún ọkọ mi, àbí kí n máa tiro lọ bẹ́ẹ̀?