Ìjókòó Tí Àbíbù Onígàárì Rán fún Agbẹ̀bí

Àbíbù kò ní ẹṣin rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n gàárì ẹṣin ni iṣẹ́ tó kọ́. Ọmọ Ṣábẹ, ìlú kan ní òdìkejì bodè Nàìjíríà, ni bàbá rẹ̀, Bàrìbá Nìkì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin mú un lọ sí Nìkì, ó sì lo ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ gàárì ni ọkùnrin náà ń ṣe fún àwọn ọmọ ọba ibẹ̀. Àbíbù kọ́ bí a ṣe ń fá awọ, bí a ṣe ń gbẹ́ igi gàárì kí ó má baà kan ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin, àti bí a ṣe ń ki inú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó máa ń tẹnu mọ́ ni pé ẹni tó gun ẹṣin lè parọ́ pé ara tu òun, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹṣin kì í parọ́.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ló padà sí Ṣábẹ. Kì í ṣe nítorí ìjọba. Bàbá rẹ̀ ló kú, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò dúró ti ilé. Ó gba ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó kó awọ sílẹ̀, ó ń dúró de ẹlẹ́ṣin. Ẹlẹ́ṣin kò wá. Ìwọ̀nba ẹṣin tó kù nílùú, gàárì tí àwọn bàbá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń dì fún wọn. Nígbà tó yá, Àbíbù bẹ̀rẹ̀ sí í rán bàtà. Ó rán àkọ̀ ọ̀bẹ, ó rán àpò ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ń lẹ bọ́ọ̀lù tó ya. Ọdún méjìlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ Àwáwù, ọmọ oníṣòwò kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta, Fàúsátù ni àkọ́bí. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Àbíbù Onígàárì, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré nínú wọn kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí Nàìjíríà ti bodè, obìnrin kan mú alùpùpù wá síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Kò gùn ún, ńṣe ló ń tì í bọ̀. Albertine ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìpóbẹ́, agbẹ̀bí ìjọba. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbé e wá sí Ṣábẹ. Ìjọba ló fún un ní alùpùpù náà kí ó lè máa tọ àwọn aboyún lọ sí abúlé: ọjọ́ Ajé ni ti Bónì, Ọjọ́rú ni ti Sàkín, ọjọ́ Ẹtì ni ti Kábúà. Ti Kábúà ló nira jù. Yangí ni ọ̀nà náà, ó sì rí gbágungbàgun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí páànù òrùlé.

Ó sọ fún Àbíbù pé ìdí àti ìbàdí òun ti ń dun òun láti ọdún tó kọjá. Òun ti ká aṣọ mẹ́rin lé ìjókòó náà, wọ́n yọ̀ dànù lójú ọ̀nà. Òun ti so ìrọ̀rí mọ́ ọn, kò dúró. Òun ti ra awọ àgùntàn onírun lọ́wọ́ Fúlàní kan, ooru rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Fóòmù tó dára, Nàìjíríà ló ti ń wá, bodè sì ti tì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, obìnrin kan ń rọbí ní Kábúà, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tó dé àgbàlá náà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò mọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Òun àti alùpùpù ṣubú papọ̀. Àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ aboyún sáré jáde wá gbé e, wọ́n gbé e lé orí àpótí, wọ́n ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀. Kí ó tó lè dìde, ọmọ ti jáde, ìwọ́ ti wé e lọ́rùn, ìyá àgbà kan ṣoṣo tó kù nínú yàrá ló tú u.

Albertine ní, “Ọmọ náà yè, Bàbá Fàúsátù. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Orí àpótí ni mo wà.”

Ó ní òun ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá òun padà sí Ìpóbẹ́, àmọ́ òun kò tíì fi í ránṣẹ́. Ohun tó fẹ́ kí Àbíbù ṣe ni kí ó ki ìjókòó náà nípọn, kí ó sì rọ̀.

Àbíbù ṣe é bí ó ṣe wí. Ó tú awọ ìjókòó náà, ó ki òwú àràbà sí i títí ó fi wú bí ìrọ̀rí ìyàwó tuntun, ó sì rán an padà. Nígbà tí Albertine jókòó sí i níwájú ìsọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹní gorí bẹ́ẹ̀dì ni. Àwáwù gba ọkọ rẹ̀ níyànjú pé kí ó sọ èyí di iṣẹ́, nítorí alùpùpù ń pọ̀ sí i. Inú Àbíbù dùn fún ọjọ́ méjì.

Ní Ọjọ́rú, Albertine ti Sàkín dé, ó sì tún ń ti alùpùpù náà bọ̀. Ó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òwú náà ti sá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àárín ti ṣófo, irin ló wá ń kan egungun rẹ̀. Kò bínú, kò sì bá a jà. Ó kàn ní kí ó dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, pé tí oṣù bá parí òun yóò fi lẹ́tà òun ránṣẹ́. Àbíbù sọ fún Àwáwù lẹ́yìn náà pé ì bá sàn kí ó bú òun.

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ohun tó ń rò ni pé òun ti ṣe bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ gàárì ni, òun kò ní ki ohunkóhun sí i láì kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń kan ara. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti máa bi ìyàwó oníyàwó nípa ìdí rẹ̀. Nítorí náà ó ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní Nìkì. Ó kó òwú náà kúrò, ó dá èyí tó bá níbẹ̀ padà, ó wá na awọ ewúrẹ́ tútù kan lé e, awọ tí kò tíì fara kan epo. Ó ní kí Albertine gùn ún lọ sí Bónì àti Sàkín bí ó ti máa ń ṣe, kí ó má ṣe nù ún.

Nígbà tí awọ náà padà dé, ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ibi tí ara kò kàn, eruku pupa ti bò ó. Ibi tí ara kàn, ó ń dán. Ojú ibi méjì kékeré ló dán jù lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Etí méjèèjì níbi tí itan ń gbà sọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Iwájú náà dán títí dé ìdí àgbá epo, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀.

Àbíbù bi í bóyá apá àti èjìká rẹ̀ náà máa ń dùn ún. Ẹnu ya Albertine, nítorí kò sọ èyí fún un rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àbíbù ní, “Ẹ̀ ń yọ̀ lọ síwájú, ẹ sì ń fi apá ti ara yín padà. Kì í ṣe pé ìjókòó yìí kò rọ̀ tó, Màdáàmù. Ibi tó gbé yín ni kò tó.”

Ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣe èyí tó tẹ̀lé e. Ó gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì hun ún kọjá lórí irin ìjókòó bí a ṣe ń hun bẹ́ẹ̀dì olókùn. Ó mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Ó gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹni tó jókòó má baà máa yọ̀. Ó gé etí tó ń gé itan kúrò. Òwú àràbà kan náà ló tún lò, ṣùgbọ́n ní báyìí ó pín in sí àpò kéékèèké, ó fi igi gún un le, ó sì rán àpò kọ̀ọ̀kan pa kí ó má lè sá lọ. Ó fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láàárín gẹ́gẹ́ bí ti gàárì, kí òpin ọ̀pá ẹ̀yìn má kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló fi awọ màlúù tó ti gba òrí bò ó.

Ó kìlọ̀ fún Albertine pé bí ó bá jókòó sí i níwájú ìsọ̀, yóò rò pé ó le, kí ó má dá a lẹ́jọ́ kí ó tó dé Kábúà. Ó tún ní kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà, kí ó rìn díẹ̀, nítorí ẹṣin pàápàá, wọ́n máa ń jẹ́ kí ó mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Albertine gun alùpùpù náà dé ìsọ̀ Àbíbù kí oòrùn tó wọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ó ṣì ń dun òun, ṣùgbọ́n ìrora ẹni tó rìnrìn àjò ni, kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n lù. Kò mẹ́nu kan lẹ́tà, Àbíbù náà kò béèrè.

Wàhálà tó kù wá láti ọ̀dọ̀ Dieudonné, ọkùnrin tó ń bójú tó àwọn alùpùpù ní ọ́fíìsì tí Albertine ń ṣiṣẹ́ fún. Ó rí ìjókòó náà, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jókòó sí i. Ó ní ó le bí pákó. Ó ní ohun ìní gbogbo ìlú ni alùpùpù yìí, ta ló fún kámáráàdì agbẹ̀bí, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń pe ara wọn nígbà náà, láṣẹ láti gé e? Wọ́n ránṣẹ́ pe Àbíbù. Dieudonné sọ fún un níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin mìíràn pé kí ó dá ìjókòó náà padà sí bó ṣe wà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ba nǹkan ìjọba jẹ́. Ní àkókò náà, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àbíbù ní òun ti gbọ́. Ó padà sílé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó di dandan kí Dieudonné fúnra rẹ̀ lọ sí Kábúà láti lọ wo ilé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilé ìgbẹ̀bí. Òun àti Albertine jọ lọ, oníkálukú lórí alùpùpù tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Albertine dúró lágbedeméjì, ó rìn díẹ̀, Dieudonné sì ń wò ó bí ẹni tó ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Dieudonné ló kọ́kọ́ dúró. Ó di ọ̀pá ẹ̀yìn mú, kò lè nà tán. Ó wo ìjókòó Albertine fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ títí a ó fi dé ilé.”

Albertine gbà. Òun ló sọ èyí fún Àwáwù lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n pààrọ̀ padà kí wọ́n tó wọ ìlú. Dieudonné kò tún sọ ohunkóhun nípa dídá ìjókòó padà, ọ̀sẹ̀ náà parí, òmíràn tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kan ó mú alùpùpù tirẹ̀ wá sí ìsọ̀ Àbíbù, ó ní kí ó ṣe é bí ti agbẹ̀bí. Kò tọrọ àforíjì. Àbíbù gba iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é dáadáa.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti dé. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ní abúlé wá, àwọn tó ń bẹ oko òwú wò wá, àwọn oníṣòwò aṣọ tó ń gba ọ̀nà igbó wá. Àbíbù kò rán bàtà mọ́.

Ní ọdún tí wọ́n tún ṣí bodè, Àbíbù fẹ́ ra awọ lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn Kábúà, Dieudonné sì ní kí ó gun ẹ̀yìn òun. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Àbíbù yóò gun alùpùpù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n dé, Dieudonné sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Àbíbù kò lè sọ̀. Orí irin ẹrù tó wà lẹ́yìn ìjókòó ló jókòó sí láti Ṣábẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Dieudonné dì í mú lábẹ́ apá, ó sì fà á sọ̀ kalẹ̀ bí àpò àgbàdo. Àwọn Fúlàní náà gbé omi fún un.

Nígbà tó mu ún tán, Àbíbù ní, “Ẹni ẹ̀yìn ni mi ò rò.”

Ó ra awọ rẹ̀. Dieudonné ní kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n Àbíbù ní kí ó máa lọ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ oníṣu kan ló gbé e padà sí Ṣábẹ ní ọjọ́ kejì, òun àti awọ rẹ̀ lórí iṣu. Nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn ìjókòó tó ń rán ti gùn títí dé orí irin ẹrù.