Ìbàdí Tuntun Nídìí Sítíárìn

Ní ibùdókọ̀ Pleasure ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ọlọ́kadà kan dúró lójijì níwájú mọ́tò mi, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù sórí bíréèkì, ẹsẹ̀ ò tètè gbéra. Ìrora gún mi láti abẹ́ itan dé orúnkún. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a.

“Ìyá, ẹ rọra jàre! Mi ò tíì gbéyàwó o!”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rọra pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mọ́tò yẹn ni mo fi ń kó ẹyin láti Ìgándò lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ìkòtún. Bí mi ò bá lè wà á mọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Síkírátù ọmọ mi mú mi lọ sílé ìwòsàn. Bẹ́ǹṣì le, a jókòó títí oòrùn fi yí. Dókítà fi àwòrán egungun hàn wá. Orí egungun itan ló ń yí nínú ihò kan ní ìbàdí. Kèrékèré tó wà láàárín wọn ti jẹ tán, egungun wá ń ha egungun. Wọ́n á yọ orí egungun náà, wọ́n á fi onírin rọ́pò rẹ̀.

Mi ò ní purọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dùn mí wọra. Orí àga ni mo ti ń kírun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, tí gígún àtijọ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, mo ké “Alihamudulilai!” tí ará ilé kejì fi dáhùn.

Dókítà ní n ò gbọdọ̀ wa mọ́tò títí òun fi máa ní ó yá, pàápàá tí mo ṣì ń lo oògùn ìrora tó ń mú oorun kunni. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò: kí n fi tìmùtìmù gbé àga ga kí orúnkún má ga ju ìbàdí lọ, kí n fi ìdí jókòó ná, kí n wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pa pọ̀. Ó ní kí n tẹ́ ọ̀rá sórí àga kí ìdí lè yí wẹ́rẹ́, kí n wá yọ ọ́ tí mo bá ti jókòó tán. Síkírátù gé àpò ọ̀rá piọ́wọ́tà fún mi.

Ọjọ́ tí dókítà gbà, èmi àti Síkírátù lọ sí pápá kan tó ṣófo. Mo wọ mọ́tò, ìdí yí bí ẹni ń jó. Mo wa mọ́tò síwájú díẹ̀, mo tẹ bíréèkì gbì láti dán ẹsẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ gbọ́ràn! Èmi fúnra mi ló yọ̀ lọ sábẹ́ sítíárìn. Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́líìtì.

“Màámi! Ọ̀rá! Ẹ ò yọ ọ̀rá!”

Mo fọwọ́ kan ìbàdí, kò dùn mí. Mo ní, “Ìbàdí nìkan ni wọ́n pààrọ̀, Síkírá. Wọn ò pààrọ̀ ọpọlọ.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, tẹ́ ẹ bá ti jókòó tán, ẹ fa ọ̀rá yọ kẹ́ ẹ tó tan mọ́tò o.

Mo yọ ọ́, mo tún tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mì.

Lọ́sẹ̀ kejì mo kó ẹyin lọ sí Ìkòtún. Mo dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, mo na ẹsẹ̀. Oníbàárà mi ń wo ẹ̀yìn mi: “Ìyá Ẹlẹ́yin, ta ló wà yín wá?”

“Èmi náà ni.”

Tẹ́lẹ̀, ìbàdí mi ń ṣiṣẹ́, mi ò rántí pé ó wà. Ní báyìí, kí n tó tan mọ́tò, mo máa ń fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, mo ní o ṣeun o. Màá fa ọ̀rá yọ, màá ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá bá tèmi lọ.